Ta li ó ń ṣọ́ ẹni tí ń ka ẹyẹ?

Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ agbègbè wa yìí, Kòsọ́fẹ́, a máa rẹ́rìn-ín. Ó dún ní etí rẹ̀ bí ẹni pé a dúró ní ẹnu ibodè láti kìlọ̀ fún un pé kò sí ọ̀fẹ́ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá sì ti ra tòmátì ní ọjà Mile 12 rí kò ní bá ìkìlọ̀ náà jiyàn. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí èmi àti àwọn ọmọ ilé-ìwé mélòó kan ti ń ṣe ní etí àbàtà wa láti nǹkan bí ọdún méjì wá, iṣẹ́ náà sì ti bí ìbéèrè kan tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín lónìí, pàápàá níwájú ẹ̀yin olùkọ́. Ìbéèrè náà li èyí: Bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ kan fínnúfíndọ̀, tí kò gba owó, tí a kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀gá lé e lórí, ǹjẹ́ ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nínú iṣẹ́ náà? Tàbí ẹni tí ó fi agbára rẹ̀ tọrẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí A. P. Leventis, tí ó wà pẹ̀lú Yunifásítì ìlú Jos, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ènìyàn jọ láti mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń gbé ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ náà sí àpótí àpótí, tí ìbú àti òró ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹyẹ, tí ó sì ní sùúrù, lè mú àpótí kan, kí ó rìn nínú rẹ̀ fún wákàtí 2 ó kéré tán, kí ó wo odò àti oko, igbó àti àdúgbò, kí ó sì máa kọ orúkọ ẹyẹ bí ó ti ń rí i tàbí bí ó ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí wákàtí 2 bá pé, ó lè máa fi orúkọ tuntun kún un títí di ọjọ́ karùn-ún. Lẹ́yìn èyí, yóò fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ nípa fóònù rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà li a ti rí ìlànà yìí kọ́, níbi tí a ti ń lò ó láti ọdún 2007. A kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ń kà. Kò sí ẹni tí ó dúró ní ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́.

Ní Lẹ́kkí li èmi tìkára mi ti kọ́ bí a ti ń wo ẹyẹ. Ẹgbẹ́ tí ń dá ẹ̀dá inú igbó àti inú omi sí ní Nàìjíríà, èyí tí olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, li ó ni ọgbà kan níbẹ̀ láti ọdún 1990. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78, àbàtà li ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orí pákó li ènìyàn ń gbà rìn kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn ọ̀dọ́ tí kò gba owó oṣù, tí wọ́n ń mú àwọn ọmọdé káàkiri, tí wọ́n ń fi ìka hàn wọ́n pé ẹyẹ báyìí rè é, ìtẹ́ rẹ̀ rè é. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ń wá iṣẹ́ kiri lè fi odindi ọjọ́ kan ṣe irú èyí. Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wo àbàtà tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé tiwa.

Àbàtà tiwa kò ní ọgbà yí i ká. Odò Ògùn, tí orísun rẹ̀ wà ní ìhà Ṣakí, a máa ṣàn gba ilẹ̀ Abẹ́òkúta kọjá, títí yóò fi tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ láàrin Ìṣẹrí, Mile 12, Ajégúnlẹ̀ àti Àgbòyí, kí ó tó wọ inú ọ̀sà. Níbẹ̀ li àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀fọ́, níbẹ̀ li àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń wa yanrìn. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni lékeléke ti ń rọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ, a máa já kòkòrò nínú afẹ́fẹ́ lókè orí wa. Ẹyẹ kan wà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń rìn lórí ewé ojú omi bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Òmíràn, aláwọ̀ dúdú òun funfun, a máa dúró sójú kan lókè omi, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ó tó já lu ẹja. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ń gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá lójoojúmọ́ láti ogún ọdún wá, a kò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo ojú omi, èmi àti ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta dúró sí etí àbàtà. Nígbà tí wákàtí 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹyẹ 26 li ó wà nínú ìwé wa. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí ń ka ti ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ti rí 31 ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ó sì ti sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí mo ti ń ro èyí, ẹyẹ ńlá dúdú kan yọ ní òkè réré, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ inú ọyẹ́ lọ. N kò rí orí rẹ̀, n kò sì rí ìrù rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n ọkàn mi fẹ́ kí ó jẹ́ igún. Mo mú gègé, mo sì kọ ọ́ pé: igún.

Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣé igún ni, sà?"

Mo ní, "Igún ni."

Ó wo ilẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà li ó wí pé, "Bí ẹ̀yin bá ti rí i, sà, ó ti tó."

A pa ìwé dé, a lọ sílé, mo sì fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ dùn ní ẹnu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wí àwíjàre nínú ọkàn mi, bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pè mí lẹ́jọ́. Àwíjàre mẹ́ta ni mo rí. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni pé èmi li ó ni àkókò mi, èmi li ó ni ẹsẹ̀ tí mo fi rìn. Ta li ó lè bi mí léèrè lórí ohun tí mo fi tọrẹ? Ọ̀rọ̀ yìí dàbí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Bí arìnrìn-àjò bá tọrọ omi lọ́wọ́ mi, mo lè bu ẹ̀kún igbá fún un, mo lè bu ìdajì, mo tilẹ̀ lè wí pé omi ilé mi kò tó. Ṣùgbọ́n bí mo bá bu omi ẹlẹ́gbin fún un, tí mo sì wí pé omi mímọ́ ni, ọ̀fẹ́ tí mo ṣe kò lè gbà mí sílẹ̀. Ẹni tí ń tọrẹ li ó ni bóyá òun yóò fúnni, òun sì li ó ni bí òun yóò ti fúnni pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti pe ohun tí ó fúnni ní ohun tí kì í ṣe. Kí ọrẹ kéré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí irọ́ wà nínú ọrẹ li ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ tún wo alágbàṣe oko. Ní ìrọ̀lẹ́, olóko á wá ka ebè kí ó tó sanwó. Bí alágbàṣe bá kọ ebè ẹ̀tàn, ebè tí ìdí rẹ̀ jẹ́ koríko tí a fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò lórí, ẹsẹ̀ olóko yóò tú u fó. Owó tí ó fẹ́ gbà li ó mú kí a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ta li ó ń wá tẹ ebè ẹni tí kò gbowó? Ọpẹ́ li a máa ń dú fún un, a kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nítorí náà, jíjẹ́ tí iṣẹ́ mi jẹ́ ọ̀fẹ́ kò dín gbèsè òtítọ́ mi kù rárá. Ó fi kún un ni, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá mi ṣọ́ ọ.

Àwíjàre kejì ni pé ẹyẹ kan péré ni, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí àwọn ènìyàn ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń lo àwọn ìwé wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ a máa bèèrè pé, nínú gbogbo ìwé tí a ti kọ nípa àpótí ilẹ̀ kan, mélòó li ó ní orúkọ ẹyẹ báyìí nínú? Bí a bá rí orúkọ ẹyẹ kan nínú ìwé 8 nínú 10 lónìí, tí a sì rí i nínú 2 péré ní ọdún mẹ́wàá sí i, wọn yóò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹyẹ náà. Àìrí, nígbà náà, jẹ́ ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí rírí ti jẹ́ ẹ̀rí. Olùkà tí ó rìn fún wákàtí 2 tí kò bá igún pàdé ti sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì nípa igún, bí kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì ṣe pé ìwé 5 péré li a ní nípa àpótí kan, irọ́ tèmi nìkan ti di ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa igún níbẹ̀.

Àwíjàre kẹta li ó jọ òtítọ́ jù, òun náà li ó sì burú jù: pé igún ti wà ní Èkó rí. Lóòótọ́ ó wà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, igún a máa bà lé òrùlé odò ẹran bí àwọn àgbà tí ń dúró de ìpín wọn, kò sì sí ẹni tí ó kà wọ́n sí. Àwọn baba wa ti fi ọ̀rọ̀ ṣe odi yí wọn ká, pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀ a ń pa á. A ń ta orí rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ní ọjà fún àwọn tí ń fi í ṣe oògùn, májèlé sì ń pa á pẹ̀lú. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parun kọ orúkọ igún wa yìí, tí ó ti wọ́pọ̀ láàrin ìlú rí, sí ara àwọn tí ó wà ní bèbè ìparun gan-an. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Aláìsàn ń kú lọ nínú yàrá. Èmi tí a fi ṣọ́ ọ bọ́ sí ìta, mo sì ń kéde fún àwọn ẹbí pé ó ti dìde jókòó, ó ti jẹun. Bí wọ́n bá gbà mí gbọ́, ta ni yóò ránṣẹ́ pe oníṣègùn?

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àsọdùn ni, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilẹ̀ Índíà. Ní ìlú Bharatpur, àbàtà kan wà tí à ń pè ní Keoladeo, tí a dá sí fún ẹyẹ, tí àwọn ẹyẹ omi sì ń rọ́ wá sí láti ọ̀nà jíjìn. Igún pẹ̀lú a máa tẹ́ ìtẹ́ wọn sórí igi níbẹ̀. Onímọ̀ kan, Vibhu Prakash, ti kà wọ́n ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ó tún padà kà wọ́n ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ó rí i pé wọ́n ti dín kù lọ́nà tí ó bani lẹ́rù, òkú igún sì ń fì lórí ẹ̀ka igi. Nítorí pé iye àtijọ́ wà nínú ìwé, tí iye náà sì jẹ́ òtítọ́, kò sí ẹni tí ó lè wí fún un pé ojú rẹ̀ li ó ń tàn án. Àwọn ẹlòmíràn wá ìdí rẹ̀ títí, ní ọdún 2004 a sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé oògùn ìrora kan, diclofenac, tí a ń fún màlúù, li ó ń pa igún tí ó bá jẹ òkú màlúù náà. Ìjọba Índíà fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní ọdún 2006. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, òkú ẹran ti wà nílẹ̀ láìrí ẹni palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ajá ìgboro ti rí oúnjẹ bí sí i, àrùn dìgbòlugi sì ti di ewu ńlá sí i fún ènìyàn. Bí ó bá ṣe pé irú ọwọ́ tèmi li ó kọ ìwé ti àwọn ọdún 1980, òṣùwọ̀n wo ni ìbá kù fún wọn láti fi mọ̀ pé igún ti lọ?

Kí li ó tilẹ̀ mú mi ṣe é? Ìdíje ni. Nǹkan bí ọgọ́fà ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọdẹ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ní àkókò Kérésìmesì, wọn a jáde lọ pa ẹyẹ àti ẹranko, ẹgbẹ́ tí òkìtì òkú rẹ̀ bá ga jù li ó borí. Ní ọdún 1900, Ọ̀gbẹ́ni Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní New York, dá a lábàá pé kí wọn máa ka ẹyẹ dípò kí wọn máa pa á. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ènìyàn 27 jáde ní ibi 25. Láti ìgbà náà wá, ìṣe náà kò dáwọ́ dúró, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn li ó sì ń fínnúfíndọ̀ ṣe é lọ́dọọdún. A bí kíkà, nígbà náà, láti wo ìgbéraga ọdẹ sàn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. N kò pa ẹyẹ kankan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Òtítọ́ ni mo pa, kí òkìtì mi lè súnmọ́ ti ẹlẹgbẹ́ mi.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó wúwo ju tèmi lọ, n kò sì gbọdọ̀ fò ó dá. Ní ọjọ́ mìíràn tí a ń kà, ìyá àgbà kan tí ń ta ẹja gbígbẹ ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sí Àgbòyí. Ó bi wá pé kí li à ń ṣe. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹyẹ li ẹ ń kà. Nígbà tí omi wọ ilé wa, ta li ó wá ka àwa?"

Ọ̀rọ̀ ìyá náà ní gbòǹgbò. Ìsédò Ọ̀yán, tí a parí ní ọdún 1983 ní ìhà òkè Abẹ́òkúta, lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta. Bí òjò bá pọ̀ jù, a ní láti tú nínú omi náà sílẹ̀, àwa tí a wà ní ìsàlẹ̀ odò li ó sì ń dé bá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kúrò nínú ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Mo lè dá ìyá náà lóhùn pé àbàtà tí ó gba ẹyẹ náà li ó ń gba omi. Pé bí a ti ń fi yanrìn àti pàǹtírí dí i láti kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ li omi kò rí ibi sùn mọ́, tí ó fi ń wá sùn ní yàrá wa. Àti pé ẹni tí ó bá ń ka ẹyẹ ibẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ pé ilẹ̀ náà ṣì wà láàyè. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó bèèrè. Ó bèèrè pé, ta li ó ka òun?

Mo ti rí ìwé orúkọ kan tí a kọ lẹ́yìn omíyalé. N kò ní í dárúkọ ibi tí a ti kọ ọ́. Orúkọ àwọn tí omi kò kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wà níbẹ̀. Orúkọ opó kan tí ẹní rẹ̀ léfòó jáde láti ẹnu ọ̀nà kò sí níbẹ̀. Mo bínú gidigidi sí àwọn tí ó kọ ọ́. Ẹ sì kíyè sí i: àwọn náà kò gba owó, fínnúfíndọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ènìyàn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní alẹ́ tí mò ń wí àwíjàre wọ̀nyí, ìwé náà padà wá sí ọkàn mi. Igún tí kò sí, nínú ìwé tèmi, àti ènìyàn tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nínú ìwé tiwọn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó bá lè kọ èkíní láìsí ìtìjú ti ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí yóò ti kọ èkejì. N kò wí pé ẹni tí ó ka ẹyẹ dáadáa ti san gbèsè tí ó jẹ aládùúgbò rẹ̀. Kò tíì san án. Ohun tí mo wí ni pé ọwọ́ kan ṣoṣo li a ní, òun li a ó fi ka ẹyẹ, òun náà li a ó fi ka ènìyàn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ̀wé sí àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà pé kí wọn yọ igún mi kúrò. Èyí kò ṣòro. Wọn kò mọ ojú mi. Èyí tí ó ṣòro ni láti pe àwọn ọmọ mẹ́ta náà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Àgbà tí ó fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé a máa rò pé ọjọ́ náà ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò dópin. Mo sọ fún wọn pé n kò rí igún; pé mo fẹ́ kí ó jẹ́ igún ni.

Èyí tí ó kéré jù wí pé, "Àwòdì ni, sà. Ìrù rẹ̀ là."

Mo bi í pé, "O rí i? Èéṣe tí o kò fi sọ?"

Ó ní, "Ẹ̀yin li ẹ ní igún ni, sà."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé mo purọ́ nìkan. Mo ti mú ọ̀wọ̀ rere tí ọmọ náà ní fún mi, mo sì ti fi ṣe aṣọ tí mo fi bo irọ́ mi. Àwọn àgbà wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, li a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán kí ọmọdé tó la ẹnu, ojú kan péré li ó ń ríran nínú ojú mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi í lélẹ̀ pé, ní etí àbàtà, ọmọ tí ó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ ẹyẹ, èmi ni yóò sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹyẹ tí a kò bá rí dájú, a kì yóò kọ ọ́, bí ó ti wù kí ó wù wá tó. Ọ̀wọ̀ kò tìtorí èyí sọnù. Wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀.

Èsì mi, nígbà náà, sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rè é. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ jẹ gbèsè. Ó jẹ ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìrí ojú rẹ̀. Ó jẹ ọmọdé tí ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń kọ̀wé. Ó sì jẹ ẹ̀dá tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí kò lè wá sí ilé ẹjọ́ láti wí pé, èmi kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Owó li a lè yọ kúrò nínú iṣẹ́. A kò lè yọ òtítọ́ kúrò kí iṣẹ́ sì kù. Ní ọ̀nà yìí, orúkọ agbègbè wa dún dáadáa.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní Kétu, ní Ìkòsì, ní Alápẹ́rẹ̀ àti níbikíbi tí odò bá wà, mo rọ̀ yín pé kí ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí etí omi ní òwúrọ̀ kan. Ìwé, gègé àti wákàtí 2 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ kan pàtó, ọjọ́ kejì oṣù kejì ni gbogbo ayé fi ń rántí àwọn àbàtà, nítorí ní ọjọ́ náà ní ọdún 1971 li àwọn orílẹ̀-èdè ti fi ọwọ́ sí àdéhùn láti dá wọn sí, ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Iran. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rí. Bí ẹyẹ 9 péré bá ni, ẹ jẹ́ kí wọn kọ 9, kí ẹ sì yìn wọ́n.

Ìwé tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lórí ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, orúkọ igún wà níbẹ̀, ìlà tí mo fà gba orí rẹ̀ kọjá sì hàn gbangba, mo sì kọ àwòdì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò ya ojú ìwé náà kúrò. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà mọ ibi tí ó wà.